Férémù Tó Ṣẹ́: Owó Tí Tálákà Ń San Lẹ́ẹ̀mẹta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohun tí àwọn àgbà kò fi kún un ni pé ọbẹ̀ tí kò dùn náà a máa pa owó, ó sì lè pa ju èyí tó dùn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi dáadáa títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí férémù kẹ̀kẹ́ bàbá ọlọ́dẹ àdúgbò wa sán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bàbá tó ń ṣọ́ òpópónà wa lóru ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ìwó ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì tó kìlómítà 9 sí ọ̀dọ̀ wa. Owó oṣù tí àwọn onílé ń dá jọ fún un kò ju ₦45,000 lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti ń fò sókè bí ìbọn. Bàbá jókòó, ó ṣírò: ₦500 ni àlọ, ₦500 ni àbọ̀. Bí ó bá wá síṣẹ́ fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, ₦26,000 ni àwọn ọlọ́kọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ. Ó bá gbé kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí ọmọ rẹ̀ ti pa tì síta, ó ta epo sí ṣéènì rẹ̀, ó fẹ́ táyà rẹ̀, ó sì ń gùn ún wá síṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ yìí ló jẹ́ kí ó rí owó mú délé ní ìparí oṣù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ṣe ń múra àtilọ sílé, ó kàn mí ní géètì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé. Lábẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, létí ibi tí ọ̀pá náà ti wọnú ọrùn kẹ̀kẹ́, mo rí ìlà tín-ín-rín kan tó dà bí fọ́nrán irun, ìpẹtà sì ti yí i ká. A jọ tì í lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta. Ó fi èékánná ra ojú rẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí èyí ti sán yìí, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ṣeré. Férémù ni kí ẹ pààrọ̀."

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ dunjú, férémù ni àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n so pọ̀, tí ìjókòó, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, pẹ́dàlì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró lé lórí. Òun ni eegun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Táyà lè jó, ṣéènì lè já, búréèkì lè kọ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ṣì ń jẹ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí férémù bá ti ṣẹ́, ìdì irin àti rọ́bà ló kù nílẹ̀.

Mo bi í pé èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Férémù tòkunbọ̀ onírin, ₦45,000. Owó iṣẹ́ láti tú gbogbo ara ti àtijọ́ kúrò, kí ó sì tò ó sórí èkejì, ₦12,000. Ọ̀pá àti bẹ́áríǹgì tó ń yí láàárín pẹ́dàlì, nítorí pé ti àtijọ́ kò ní bá ihò ti tuntun mu, ₦7,500. Ọ̀pá tó gbé ìjókòó ró, ₦4,000. Wáyà búréèkì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ₦3,500. Gbogbo rẹ̀ di ₦72,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dúró sí, odidi kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ń tà ní ₦85,000.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ti kọ nípa ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ, ti epo àti ti sìmẹ́ńtì. Síbẹ̀, ìbéèrè tí gbogbo aláìní àti gbogbo ahun ń béèrè ni èmi náà béèrè: "Ṣé kò ṣeé jó ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí. Ó ní, "Ó ṣeé jó, ẹ̀gbọ́n. Kò sí irin tí kò ṣeé jó." Ó sì bá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ajórin kan wà ní òdìkejì títì, ẹni tó máa ń ṣe géètì àti ojú fèrèsé. ₦6,000 ló gbà. Kò tó wákàtí kan tí ó fi parí rẹ̀, ó kun ojú rẹ̀ ní dúdú, ó sì ń dán. Èmi ni mo san owó náà. Bàbá súre fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi náà sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé mo ti bá bàbá fi ₦66,000 pamọ́.

Ọjọ́ 19 péré ni ó lò. Ní alẹ́ ọjọ́ ogún, bí bàbá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọrùn kẹ̀kẹ́ yà kúrò lára ọ̀pá. Kì í ṣe ojú ibi tí ajórin jó gan-an ló ṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá fi ojú gbá títì. Eyín rẹ̀ méjì yọ, eegun èjìká rẹ̀ kan ṣẹ́. Láàárín yíya àwòrán eegun, oògùn, àti owó àwọn tó tọ́jú rẹ̀, ₦96,000 lọ sí i. Èmi àti àwọn onílé mẹ́ta la jọ dá owó náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè ṣọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, a padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin oríta, a sì san ₦72,000 tí mo sá fún ní àkọ́kọ́.

Ẹ bá mi ro ó pọ̀: ₦6,000, ₦96,000, ₦72,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦174,000. Owó náà ìbá ra odidi kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì, ₦4,000 ìbá sì ṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a san owó férémù kan, ẹ̀yìn ìgbà kẹta ni a tó rí férémù gbà.

N kò kọ ìtàn yìí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ ọ́ láti di ẹ̀bi ru ajórin. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìbéèrè kan: kí ló dé tí ọ̀pá irin mélòó kan, tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú, fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí irin wà nínú ilẹ̀ rẹ̀? Kí sì ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni yóò san owó tó pọ̀ jù lọ lórí rẹ̀?

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì ta mí jí. Ó ní táyà, tíúbù, ṣéènì, pẹ́dàlì, búréèkì àti wáyà, gbogbo wọn ni àwọn oníṣòwò ń kó wọlé ní tuntun láti Ṣáínà àti Íńdíà. Wọ́n kéré, wọ́n ṣeé dì sínú páálí, ìwọ̀n wọn kò sì pọ̀ ní oríṣi. Férémù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba àyè púpọ̀ nínú kọ̀ńténà, ìwọ̀n rẹ̀ sì pọ̀ bí ìwọ̀n bàtà. Nítorí náà, oníṣòwò kì í fẹ́ kó o wọlé lọ́tọ̀. Ibo wá ni férémù tí wọ́n ń tà ti ń wá? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí férémù kan tó dé ọwọ́ yín, odidi kẹ̀kẹ́ kan ní láti kú." Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tú palẹ̀. Ẹni tó bá sì pa màlúù nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan kò lè ta eegun náà ní pọ́ọ́kú.

Ìdí kejì ni owó náírà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan lójú ìwé ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó ti wà ní àyíká ₦1,500. Bí a bá ka férémù kan sí dọ́là 30, ₦13,800 ni ìbá jẹ́ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ₦45,000 ni. Férémù náà kò yí padà. Owó wa ló rù. Ní àkókò yìí kan náà, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Dọ́là lọ sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, owó oṣù kò sì pé ìlọ́po méjì ààbọ̀. Kí n má ṣe purọ́ fún yín, ₦45,000 tí àdúgbò wa ń san fún bàbá kò tilẹ̀ tó iye yẹn. Òfin yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, abẹ́ òfin yẹn ni àwa náà sá sí. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, a ti fi kún un, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí.

Ìdí kẹta ni ohun tí wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi owó kòkó rà ni kẹ̀kẹ́ Raleigh, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láyé ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun àbùkù. Ẹni tó bá gùn ún wọ̀lú, àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá fi gun kẹ̀kẹ́ náà, férémù rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Kì í ṣe idán. Irin ni wọ́n fi ṣe àwọn ọ̀pá rẹ̀, inú ìhò ìsopọ̀ ni wọ́n ki orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bọ̀, idẹ yíyọ́ ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Iná tí idẹ ń fẹ́ kí ó tó yọ́ kò tó èyí tí irin ń fẹ́, nítorí náà, iná náà kì í ba irin jẹ́. Bí ọ̀pá kan bá sì bàjẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yọ́ idẹ náà, kí ó fa ọ̀pá kan ṣoṣo yọ, kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pá kan ni a ń pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo férémù.

Ní ti àwọn tòkunbọ̀ tó ń dé lónìí, púpọ̀ nínú wọn ni alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, ó sì dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìjórin tí àwọn ajórin wa fi ń ṣe géètì kò wà fún un. Kódà bí a bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó yẹ, oríṣi alumíníọ̀mù tí wọ́n sábà fi ń ṣe férémù a máa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná bá ti kàn án, àfi tí wọ́n bá tún un sè nínú iná ìléru gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin pàápàá, bí irú ti bàbá, ní àṣìṣe tirẹ̀. Ara ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kì í sábà nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Iná tó ń jó géètì á gbóná jù fún un, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó á sì di gbẹrẹfu. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ bàbá fi ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó, tí ojú ìjó fúnra rẹ̀ sì dúró digbí.

Ẹ máa rò pé àwa nìkan ni férémù wọ́n fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní London, bí férémù kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú bá sán, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò sọ fún oníbàárà pé kí ó jù ú nù, nítorí pé owó wákàtí tí òun yóò fi tú u, tí òun yóò sì tún un tò, lè ju iye kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè fi owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ra òmíràn. Kẹ̀kẹ́ tí kò tọ́ sí àtúnṣe lójú tiwọn wà lára ohun tó ń bọ́ sínú kọ̀ńténà, tó sì ń kọjá lórí òkun wá bá wa. A sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀, bí ẹni pé ọmọ wa ni wọ́n, tí wọ́n ti ìdálẹ̀ dé. Lóòótọ́, ogún ẹni tí kò kú ni a ń jẹ. Yorùbá sì ti wí tipẹ́ pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìwọ akọ̀wé yìí, ṣé férémù kẹ̀kẹ́ ló kàn nínú gbogbo ìṣòro Nàìjíríà? Jẹ́ kí bàbá wọ ọkọ̀." Mo dáhùn pé ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ tún ìṣírò bàbá wò. ₦26,000 ni owó ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù. ₦72,000 tí férémù gbà kò tó owó ọkọ̀ oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ni pé férémù náà kò wọ́n rárá bí a bá fi wé ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá kò lè rí ₦72,000 papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ó lè san ₦1,000 lójoojúmọ́ títí ayé. Ìyà tó ń jẹ tálákà nìyẹn. Ó lówó láti san ohun tó wọ́n díẹ̀díẹ̀, kò lówó láti san ohun tó pọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olówó ra férémù, ó parí. Tálákà jó férémù, ó ṣubú, ó tọ́jú eegun, ó sì tún ra férémù.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ṣíṣe?

Èkíní wà lọ́wọ́ ìjọba, mo sì mọ̀ pé etí yín ti kún fún un. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, n kò lè ka iye ìgbà tí mo kọ ìlérí pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, Òṣogbo ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa na irin, ó sì ní òmíràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó ń ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní kíkún. Bẹ́ẹ̀, kí àwọn Òyìnbó tó dé rárá ni àwọn baba wa ti ń yọ́ irin nínú iná ìléru, tí wọ́n ń rọ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ. Àwa ọmọ Ògún ni a wá ń dúró de ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ní etíkun.

Ṣùgbọ́n a kò ní láti dúró de Àjàòkúta kí á tó ṣe férémù. Ní ìlú Jos, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ọ̀pá irin ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta afọwọ́wà fún àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà. Bí a bá lè ṣe ìyẹn, kí ló ń dí wa lọ́wọ́ férémù ẹlẹ́sẹ̀ méjì? Ní Sáḿbíà, Kẹ́ńyà àti Màláwì, àjọ kan tó ń jẹ́ World Bicycle Relief, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, mú kẹ̀kẹ́ onírin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Buffalo, wọ́n ń tò ó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará ìgbèríko bí a ti ń tún un ṣe. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ náà bára mu. Ara tó bá yẹ kẹ̀kẹ́ ẹni kan yóò yẹ ti aládùúgbò rẹ̀. Kò sí pé ihò èyí tóbi, ihò tọ̀hún kéré. Nínú ₦72,000 tí a san, ₦15,000 lọ sórí àwọn nǹkan tí kò bá ara wọn mu nìkan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìpínlẹ̀ wa ní lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjórin onídẹ àti bí a ti ń gé ojú ọ̀pá kí ó bá èkejì mu. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó nílò ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ owó. Géètì nìkan kọ́ ni a lè fi irin ṣe.

Èkejì wà lọ́wọ́ ara wa. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjọ àti èésú kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa lò ó láti kọ́lé, àwọn ìyá wa lò ó láti rán ọmọ lọ síléèwé. Bí àwọn ọlọ́dẹ, oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ní agbègbè kan bá ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀, tí ogún ènìyàn bá wà níbẹ̀, ₦80,000 yóò jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Férémù ẹnìkan ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá sì gba ènìyàn síṣẹ́, tí ó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn wá, kí ó yá a lówó férémù, kí ó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo yẹ kí n ṣe fún bàbá nìyẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, dípò kí n máa fi ₦6,000 gba àdúrà.

Ẹ̀kẹta wà lójú ẹni tó ń ra kẹ̀kẹ́. Kí ẹ tó san owó, ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò àtijọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, tó sì jẹ́ tòkunbọ̀ lásán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alumíníọ̀mù, kí ẹ sì mọ̀ pé bí ó bá ṣẹ́, kò sí ajórin oríta tó lè gbà yín. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti àyíká ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí. Ọ̀dà tó bó ní ìlà, tàbí ìpẹtà tó gba ojú kan ṣoṣo bí okùn, kì í ṣe ẹ̀gbin lásán. Ẹ ta okùn láti ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá kan, kí ó yí ọrùn kẹ̀kẹ́ ká, kí ó padà sí apá kejì. Bí àyè tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá ìjókòó lápá ọ̀tún kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti apá òsì, férémù náà ti wọ́. Ẹ má rà á.

Bí ó bá sì ti sán, ẹ má ṣe fi ara yín wéwu. Ọ̀pá ẹ̀yìn tín-ín-rín tó jẹ́ irin, ajórin tó mọ̀ ọ́n ṣe lè jó o kí ó sì pẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀mí ẹni tó gùn ún rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ajórin náà, mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọrùn kẹ̀kẹ́ tó sán wá, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin alátùn-únṣe, ẹ má ṣe dákẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin oríta ti dákẹ́ fún mi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé mo máa ní owó ni òun ń wá ni òun kò ṣe tẹnu mọ́ ọn. Àìgbọ́kànlé ara ẹni yìí náà wà lára ohun tó gbé bàbá lulẹ̀.

Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo òwúrọ̀, mo máa ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó bá ń kọjá níwájú ilé mi lọ sílé. Férémù rẹ̀ kò dán, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí, ṣùgbọ́n irin gidi ni. Nígbà tí ó bá rẹ́rìn-ín, àyè eyín méjì máa ń hàn. Kò fìgbà kan bú mi. Ó ṣì ń pè mí ní ọ̀gá, ó sì ṣì ń súre fún mi, èyí sì dùn mí ju èébú lọ.

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo dámọ̀ràn, bàbá ni ó jìn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, bí ẹ bá ní ọlọ́dẹ, oníbúrẹ́dì tàbí àgbẹ̀ kan nítòsí yín tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ ní kí ó dojú rẹ̀ dé fún yín lọ́la, kí ẹ jọ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.